Raptors ti fẹ́ gba ife, èmi sì wà ní Osaka: báwo lẹ ṣe ń wo géèmù láti ìdálẹ̀?

Àrẹ̀mú_Toronto · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Òkúdù 2019

Ẹ̀yin ará Toronto, ẹ kú ilé o. Iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Japan, mi ò sì ní padà títí di ọjọ́ kẹrìndínlógún. Ẹ wo irú àsìkò tí wọ́n yàn fún mi! Láti 1995 tí wọ́n ti dá Raptors, ẹgbẹ́ básíkẹ́tì wa, sílẹ̀, a ò dé àṣekágbá líìgì NBA rí. Ní 2016, 2017 àti 2018, LeBron James ti Cleveland lù wá bí ẹní lu bàrà. Ó wá di ọdún tí a gba Kawhi Leonard, tó ju bọ́ọ̀lù kan tó ta lórí irin lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó wọlé sí Philadelphia lára, tí a tún gbé Milwaukee ṣánlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti na wá lẹ́ẹ̀mejì léra, ìgbà yẹn gan-an ni mo wá wà níbi tí ẹni tí mo bá jókòó tì ò mọ Kyle Lowry, agbábọ́ọ̀lù wa.

A ti fi 3-1 ṣíwájú Golden State Warriors báyìí. Géèmù kan ṣoṣo ló kù ká gbé ife. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Ajé ni ní Toronto, ìyẹn aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun níbí, ìpàdé sì ti wà nílẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ títí di ọ̀sán. Áàpù tẹlifíṣọ̀n tí mò ń sanwó fún nílé ti kọ̀ jálẹ̀, ó ní Kánádà nìkan lòun ti ń ṣiṣẹ́. Wáífáì òtẹ́ẹ̀lì náà ń ṣe ségesège.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà lẹ́yìn odi rí nígbà tí ẹgbẹ́ yín ń gbá àṣekágbá, kí lẹ ṣe? Ṣé kí n máa yọ́ fóònù wò lábẹ́ tábìlì ni, àbí kí n pa á, kí n wo àtúnwò lálẹ́?

ÌyáÌbejì_Scarborough

Àrẹ̀mú, pẹ̀lẹ́ o. Iṣẹ́ kì í mọ ọjọ́ tí ó yẹ kó pe èèyàn. Àwọn ìbejì fẹ́ ká lọ sí Jurassic Park, ìta gbangba tí èrò ti ń wo géèmù níwájú Scotiabank Arena, ṣùgbọ́n láti òru ọjọ́ tó ṣáájú làwọn èèyàn ti ń tò síbẹ̀, mi ò sì lè sun ìta. Celebration Square ní Mississauga la máa lọ, wọ́n gbé ojú àwòrán ńlá síbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní tèmi, wò ó bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ayọ̀ tí gbogbo ayé ti yọ̀ tán kí o tó dé ibẹ̀, àjẹkù ni.

Ọmọ_Oakland

Ẹ jẹ́ n dá sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀tá yín ni mí. Oakland ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, Warriors sì ni mí títí ayé, ṣùgbọ́n London ni ẹ̀kọ́ gbé mi wá ní sáà yìí. Sky Sports ń fi gbogbo rẹ̀ hàn níbí, torí náà àwòrán kọ́ ni ìṣòro mi. Oorun ni. Aago méjì òru ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń lọ sùn ní aago mẹ́jọ alẹ́ tí oòrùn ṣì ń ràn lójú fèrèsé, tí àwọn ọmọdé ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ nísàlẹ̀, kí n lè jí.

Ṣùgbọ́n Àrẹ̀mú, tìrẹ sàn. Ìwọ ń dúró de ife. Èmi, Oracle, gbọ̀ngàn bọ́ọ̀lù wa ní Oakland, ni mò ń dágbére fún. Sáà tó ń bọ̀, Warriors ń kó lọ sí San Francisco. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Oakland, bàbá mi ló sì kọ́kọ́ mú mi wọ ibẹ̀. Tí ẹ bá na wá lọ́jọ́ Ajé, a jẹ́ pé géèmù kẹrin yẹn ló gbẹ̀yìn Oracle nìyẹn. Orí ibùsùn ni mo ti wò ó, pẹ̀lú ohùn tí mo yí wálẹ̀ kí ẹni tó wà ní yàrá kejì má baà jí.

Agbábọ́ọ̀lù_àná

Ẹ jẹ́ ká dá ọkùnrin yìí lóhùn ìbéèrè tó bi wá. Àrẹ̀mú, Rakuten ló ni ẹ̀tọ́ NBA ní Japan. Forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ní tààrà, má tún bá áàpù ilé jà mọ́. Gbìyànjú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù rẹ dípò Wáífáì òtẹ́ẹ̀lì, kí o sì dá àwòrán náà padà sí èyí tí kò mọ́ jù. Bọ́ọ̀lù tó ń dúró dè ọ́ lójú afẹ́fẹ́ burú ju bọ́ọ̀lù tí kò mọ́ lọ.

Ohun kejì: àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń rẹ̀yìn. Ó lè tó ìṣẹ́jú kan. Àwọn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n nílé á ti pariwo tán kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ Kawhi lójú tìrẹ. Pa ẹnu gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp mọ́, pàápàá ti ẹbí.

Arìnrìnàjò_Dubai

Èmi yàtọ̀ sí yín. Àtúnwò ni mò ń wò, kò sì sí ohun tó ń ṣe mí. Aago márùn-ún ìdájí ni Raptors máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Dubai, aago mẹ́fà sì ni ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń gbé wa. Mo máa ń pa fóònù títí màá fi padà délé. Nínú àtúnwò, mo lè fo ìpolówó, mo lè fo gbogbo ibi tí wọ́n ti dúró. Géèmù tó lé ní wákàtí méjì, wákàtí kan àtààbọ̀ mo ti parí ẹ̀. Lórí League Pass, áàpù NBA fúnra wọn, èèyàn tún lè ní kí wọ́n fi èsì pamọ́ fún òun.

Ewu kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ìlà tó wà nísàlẹ̀ fídíò, tó ń sọ iye àsìkò tó kù. Géèmù kẹta pẹ̀lú Milwaukee ló là mí lójú. Ìdá kẹrin ń parí lọ, àmì-ayò méjì la fi ṣíwájú, Siakam sì ti dúró láti ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ méjì. Ẹni tó ń wò ó lọ́wọ́ á máa gbàdúrà. Èmi wo ìsàlẹ̀, fídíò ṣì kù rẹpẹtẹ. Mo ti mọ̀ pé kò ní wọlé. Méjèèjì ni ò sì wọlé! Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi àsìkò kún un kí a tó fi 118-112 borí. Látọjọ́ náà, bébà ni mo máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà kí n tó tẹ fídíò.

ÌyáÌbejì_Scarborough

Bébà lórí kọ̀ǹpútà! Àtúnwò yín ti di ìdánwò WAEC. 😂

Àrẹ̀mú_Toronto · Ọjọ́ Àìkú, 9 Òkúdù

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti rí ti Rakuten ṣe, ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbí ló bá mi ka ohun tí wọ́n kọ. Ẹ má rò pé wọn ò mọ básíkẹ́tì ní Japan o. Raptors ni wọn ò bìkítà fún. Rui Hachimura ni gbogbo wọn ń sọ, ọmọ Toyama tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì Gonzaga, tí bàbá rẹ̀ wá láti Benin tó múlé gbè wá. Ogúnjọ́ oṣù yìí ni wọ́n máa yan àwọn ọmọ tuntun wọ NBA, wọ́n sì ń ka ọjọ́ náà lórí ìka. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí bi mí bóyá Raptors máa mú un. Mo ní kó jẹ́ ká gbé ife ná.

Arìnrìnàjò_Dubai · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Òkúdù

Ẹ̀yin tí ẹ wò ó lọ́wọ́, ẹ má sọ nǹkan kan títí di alẹ́. Mo bẹ̀ yín.

Ọmọ_Oakland

106-105. Warriors!

Arìnrìnàjò_Dubai

Ọlọ́run máa dá ọ lẹ́jọ́.

Àrẹ̀mú_Toronto

Ẹ jẹ́ n ròyìn tèmi, ẹ̀yin lẹ ó sì tú u fún mi, torí mi ò rí àwòrán kankan. Àwọn tó pe ìpàdé jókòó kọjú sí mi gangan, fídíò ò ṣe é gbé síwájú wọn. Nọ́ńbà nìkan ni mò ń wò, fóònù wà láàárín ìwé àkọsílẹ̀ mi. Wọ́n ti ń ṣíwájú wa láti ìdajì géèmù. Ìdá kẹrin dé, mo rí i: Leonard. Leonard. Leonard. Leonard. Kò sí orúkọ ẹlòmíì. 103-97, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀. Mo ti ń fi ẹsẹ̀ jó lábẹ́ tábìlì.

Nọ́ńbà wá dúró gbagidi. 103-97. 103-97. Mo rò pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti lọ. Mo pa áàpù náà, mo tún un ṣí, 103-97. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan, mo dáhùn, ẹ má bi mí pé kí ni mo sọ. Ìgbà tí mo máa fi bojú wò ó padà, 103-100. Lẹ́yìn náà 103-103. Lẹ́yìn náà 106-103. Kí ló ṣẹlẹ̀ níbi tí nọ́ńbà ti dúró yẹn?

Agbábọ́ọ̀lù_àná

Time-out ni, ìdúró díẹ̀ tí ẹgbẹ́ kan lè pè. Nick Nurse, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, fúnra rẹ̀ ló pè é, nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Òfin ló fà á: tí géèmù bá ti ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹgbẹ́ kan ò lè ní ju time-out méjì lọ́wọ́, èyí tó bá lé ti ṣòfò. Tiwa lé. Ó ní òun kúkú lo ó kí àwọn ọmọ lè sinmi.

Òfin náà ò ṣòro, ta ló nílò ìsinmi ni ìbéèrè mi. Durant ti Warriors ti jáde. Ọgbẹ́ Looney ti tún dìde. Curry àti Klay ló kù, ahọ́n wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, Kawhi sì ń ju bọ́ọ̀lù bó ṣe wù ú. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa wá bá wọn wá àga. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n dìde: Klay ju alámì mẹ́ta, Curry jù ú, Klay tún jù ú. Bọ́ọ̀lù ìkẹyìn tí Lowry jù láti kọ̀rọ̀, ìka Draymond ti Warriors kàn án, kò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ irin.

ÌyáÌbejì_Scarborough

Èmi ò bá yín dá Nurse lẹ́bi. Ká ní Klay sọ bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ nù ni, gbogbo wa ni ìbá máa pe Nurse ní ọlọ́gbọ́n báyìí. Ọkùnrin yìí ló fi ẹnì kan ṣoṣo lé Curry kiri, tó fi mẹ́rin yòókù ṣọ́ àyíká irin, ní àṣekágbá NBA! Kò sí ẹni tó ń ṣe irú ẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó láyà tó bẹ́ẹ̀, ọjọ́ mìíràn á wà tí yóò tàsé.

Ọmọ_Oakland

Mo ti yọ̀ tán, ẹ jẹ́ n bínú díẹ̀. Ó ti lé ní oṣù kan tí Durant ò gbá bọ́ọ̀lù. Ó wọlé, ó ju àmì-ayò 11 láàárín ìṣẹ́jú méjìlá, ó ṣubú, ó di iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ mú. Mo sì gbọ́ pátẹ́wọ́. Aago mẹ́ta òru ń lọ ní London, mo gbé etí mi mọ́ tẹlifíṣọ̀n bóyá mi ò gbọ́ dáadáa. Ẹ̀yin ará Toronto ń yọ̀ sí ọgbẹ́ èèyàn.

Agbábọ́ọ̀lù_àná

Má pè é ní “ẹ̀yin ará Toronto”. Àwọn kan ni.

Ọmọ_Oakland

Àwọn kan tí ohùn wọn dé London.

ÌyáÌbejì_Scarborough

Jẹ́ kó sọ ọ́, kò purọ́. Àwọn ọmọ mi bi mí pé, “Mọ́mì, kí ló dé tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́?” Mi ò rí èsì fún wọn. Lowry, Ibaka àti Danny Green ló gbà wá lọ́wọ́ ìtìjú, àwọn ló ń juwọ́ sí èrò pé kí wọ́n dákẹ́. Ìgbà tí wọ́n wá ń mú un jáde, ọ̀pọ̀ ló ń kígbe orúkọ rẹ̀ láti fi kí i. Ọmọ Oakland, má bínú sí gbogbo wa.

Ọmọ_Oakland

Mo ti gbọ́ mà. Ẹ ṣé.

Àrẹ̀mú_Toronto

Ohun kan yé mi lónìí. Mo ń pariwo áàpù, mo ń pariwo Wáífáì, àfi bíi pé àwòrán ló ń jẹ mí níyà. Kì í ṣe òun. Nígbà tí Kawhi gba ọwọ́ géèmù yẹn, kò sí ẹnì kan nínú yàrá náà tí mo lè fi ìgbọ̀nwọ́ gún pé “o rí i?”

ÌyáÌbejì_Scarborough

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Mú ọkùnrin Hachimura yẹn dání fún géèmù kẹfà.

Àrẹ̀mú_Toronto · Ọjọ́ Ẹtì, 14 Òkúdù, aago mẹ́wàá ku díẹ̀ níbí

Ìpàdé ti parí lánàá, ọ̀sán la máa wọ ọkọ̀ ojú irin. A wà nísàlẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì, èmi àti ọkùnrin yẹn, kọ̀ǹpútà wà láàárín wa. Ó ti lè dá Lowry mọ̀ lórí fọ́tò. Ó bi mí pé ta ni ọ̀gá tó kó gbogbo wọn jọ. Mo ní Masai Ujiri, ọmọ tó dàgbà ní Zaria, òun ló tà DeMar DeRozan tí gbogbo Toronto fẹ́ràn kí Kawhi lè wá. Ó ní, “Ẹ ò bínú sí i?” A bínú! Títí di oṣù tó kọjá.

ÌyáÌbejì_Scarborough

LOWRY! LOWRY! Ó tún jù ú!

Àrẹ̀mú_Toronto

Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ mà. Wọn ò tíì gbé bọ́ọ̀lù sókè ní tèmi.

Agbábọ́ọ̀lù_àná

Òfin tuntun: ẹ ka oókan dé ọgọ́ta kí ẹ tó tẹ ohunkóhun.

Arìnrìnàjò_Dubai

Mo gba ìsinmi lónìí. Mo ń wò ó lọ́wọ́. Ẹ má bi mí.

ÌyáÌbejì_Scarborough

…méjìdínlọ́gọ́ta, ọ̀kàndínlọ́gọ́ta, ọgọ́ta. Lowry nìkan ló ju àmì-ayò 11 àkọ́kọ́ wa! 😂

Ọmọ_Oakland

Klay ti fi orúnkún balẹ̀ búburú. Àmì-ayò 30 ló ti jù, ìdá kẹta ò sì tíì parí. Wọ́n ti ń mú un lọ, ó tún yíjú padà wá ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ méjì tó tọ́ sí i, méjèèjì wọlé. Ọmọ náà ò lè rìn dáadáa. Mo ti pa ohùn tẹlifíṣọ̀n pátápátá.

Agbábọ́ọ̀lù_àná

Pẹ̀lẹ́. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́.

ÌyáÌbejì_Scarborough

Mo ti kà á dé ọgọ́ta o. VanVleet! Ọmọ tí ẹgbẹ́ kankan ò yàn ní 2016! Ó ti ju 12 nínú ìdá kẹrin nìkan!

Arìnrìnàjò_Dubai

111-110. Ta ló ní kí Danny Green ju bọ́ọ̀lù yẹn síta. TA LÓ NÍ KÓ JÙ Ú

ÌyáÌbejì_Scarborough

Mi ò lè kà á mọ́. A TI GBÀ Á! A TI GBÀ Á O! Àwọn ọmọ ń sunkún, èmi náà ń sunkún!

Àrẹ̀mú_Toronto

Ẹ jẹ́ n mí ná.

Ó dáa. Kọ̀ǹpútà mi rẹ̀yìn débi pé Danny Green ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ bọ́ọ̀lù nù ni, ó ku ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́sàn-án àti díẹ̀, Warriors ló ni bọ́ọ̀lù, àmì-ayò kan péré la fi ṣíwájú. Ìgbà yẹn ni fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí tábìlì. Kò dákẹ́. Ó ń gbọ̀n rìn lọ sétí tábìlì. Gbogbo Toronto ti mọ èsì, ó wà nínú ohun tó ń gbọ̀n yẹn, mi ò sì mọ̀ bóyá wọ́n ń bá mi yọ̀ ni tàbí wọ́n ń bá mi kẹ́dùn. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé e. Curry ṣì ń sáré kiri lójú tèmi. Ó jù ú. Kò wọlé. Wọ́n já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ ara wọn, Draymond pe time-out tí wọn ò ní, adájọ́ lọ wo fídíò, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé àdéhùn. Kawhi ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́. 114-110.

Ọkùnrin Hachimura ti dì mọ́ mi kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Àwọn àlejò òtẹ́ẹ̀lì ń wò wá. Kí wọ́n máa wò!

Ọmọ_Oakland

Ẹ kú oríire. Ẹ̀yin lẹ gbá a jù, mi ò ní fi Durant àti Klay ṣe àwáwí lónìí, bóyá lọ́la. Lẹ́yìn tí wọ́n fún Kawhi ní àmì-ẹ̀yẹ tán, mi ò pa tẹlifíṣọ̀n. Mo fẹ́ rí àwọn àga Oracle bí àwọn èèyàn ṣe ń dìde lórí wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin Raptors ni kámẹ́rà ń tẹ̀ lé. Ó kàn yín.

Agbábọ́ọ̀lù_àná

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ife NBA máa jáde kúrò ní Amẹ́ríkà. Mo bá Anunoby yọ̀, ọmọ tí wọ́n yọ appendix fún nínú oṣù kẹrin, tí kò gbá ìṣẹ́jú kan nínú àṣekágbá. Òrùka ife rẹ̀ ò ní kéré sí ti ẹlòmíì. Ẹ jẹ́ ká wá sọ òótọ́: Kawhi máa dúró, àbí kò ní dúró? Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù yìí ló lè bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹgbẹ́ mìíràn sọ̀rọ̀, Los Angeles sì ni ilé rẹ̀.

Arìnrìnàjò_Dubai

Ta ló ń gbé ife kan tó ń ronú ilé?

Agbábọ́ọ̀lù_àná

Gbogbo ẹni tó wà nínú ìjíròrò yìí.

ÌyáÌbejì_Scarborough

Ẹ fi Kawhi lọ́rùn sílẹ̀. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún, ni wọ́n máa gbé ife yí ìlú ká, láti Exhibition Place dé Nathan Phillips Square, aago mẹ́wàá àárọ̀. Aago mẹ́fà la máa kúrò nílé, torí ọkọ̀ ojú irin máa kún. Àrẹ̀mú, ṣé o máa ti dé?

Àrẹ̀mú_Toronto

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni màá balẹ̀, mà. Ara mi á ṣì wà ní Japan, aago mẹ́ta òru ni màá ti lajú. Èmi ni màá wá jí yín.

Ọmọ_Oakland

Ẹ má fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi o. Ó dáa, ẹyọ kan.